Ẹni Gẹṣin, Ilẹ̀ Ló Ń Bọ̀

Ẹ̀yin olùkọ́ Fásitì Bámidélé Olúmìlúà ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, tí ẹ ti ń wo àga gíwá lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ní 2020 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ tíṣà níbẹ̀ di fásitì, àga ọ̀hún ò tíì gbó. Kò burú kéèyàn fẹ́ ṣolórí. Àmọ́ ẹni gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Ní fásitì ìjọba àpapọ̀, ọdún 5 péré ni òfin fún gíwá, kò sí àtúnyàn.

Ẹ wo Ọ̀jọ̀gbọ́n Jacob Adé Àjàyí, ọmọ Ìkọ̀lé. Ó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn ní Ìbàdàn láti 1963 kó tó lọ ṣe gíwá Fásitì Èkó ní 1972. Nígbà tó di oṣù kẹrin 1978, wọ́n gbé owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ láti 50 kọ́bọ̀ sí náírà kan ààbọ̀ lójúmọ́. Àwọn ọmọ fárígá, “Ali Must Go” (Ali ni kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ nígbà náà) gba ìgboro, ìbọn dún, ẹ̀mí ṣòfò ní Èkó àti Zaria. Sójà ló ń ṣèjọba. Gíwá ni wọ́n yọ. Ibi tó wu ẹ̀fúùfù lẹ̀lẹ̀ ní í darí ìgbẹ́ sí.

Ilé làbọ̀ sinmi oko: bàbá padà sídìí ìtàn ní Ìbàdàn. Ní 1986 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn National Merit. Ní 1989 ni ìdìpọ̀ kẹfà ìtàn Áfíríkà tí UNESCO ṣe jáde, òun ni olóòtú rẹ̀.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí lẹ́tà bá dé, kí ẹ tó ka iye mọ́tò tó wà nínú ọgbà (ẹ ó kúkú kà á), ẹ bẹ olórí ẹ̀ka yín kó fi kọ́ọ̀sì kan sílẹ̀ fún yín. Ti àwọn ọmọ ọdún kìíní ló dáa jù. Ibẹ̀ lẹ ó ti gbọ́ pé omi ò yọ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì kó tó wọnú fáìlì. Ẹ má fi àwọn tí ẹ ń tọ́ sọ́nà fún Ph.D. sílẹ̀ fẹ́lòmíì. Ilé tí ẹ ti fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní Èmùré, ẹ tètè kan òrùlé rẹ̀. Bí ìgbìmọ̀ bá sì fẹ́ fowó kún owó ilé-ìwé, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Kẹ́ ẹ wá pe àwọn olórí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó, kẹ́ ẹ fẹnu ara yín sọ fún wọn, kí wọ́n tó kà á lórí Wásáàpù.