Kí ọkọ̀ ìgbòkun yín tó bọ́ sómi ní Gíríìsì

Ìbéèrè: Orí ilẹ̀ ni ọkọ̀ ìgbòkun wa wà ní Preveza láti ìgbà òtútù. Kí la ó ṣe kó tó bọ́ sómi? Ibo la ti lè ṣe fàájì?

Ìdáhùn: Ìdí ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Ẹ ha á mọ́, kẹ́ ẹ fi ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí ewé òkun lẹ̀ mọ́ ọn kùn ún. Ẹ pààrọ̀ síǹkì ìdí ọkọ̀ tó ti jẹrà. Òun ló ń fara gbá a kí irin yòókù má baà jẹrà. Ẹ ṣí gbogbo fáàfù ìsàlẹ̀ wò, kẹ́ ẹ tún tì wọ́n. Bí ọkọ̀ bá ti kan omi, kí wọ́n tó tú okùn kéréènì, ẹ wọ inú rẹ̀ wò bóyá ó ń jò.

Fún fàájì, ẹ lọ sí Fiskardo ní erékùṣù Kefalonia tàbí Kioni ní erékùṣù Ithaca. Ẹ tètè dé lọ́sàn-án, torí àyè kì í pẹ́ kún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ ju ìdákọ̀ró láti iwájú ọkọ̀, ẹ fi ẹ̀yìn wọlé, kẹ́ ẹ so okùn méjì mọ́ èbúté. Ilé oúnjẹ ẹlẹ́ja sísun ò ní jìnnà sí yín. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá ṣì jẹ́ ọ̀gbẹ̀rì, ẹ má tíì lọ sí Òkun Aegean lóṣù Keje àti Kẹjọ: afẹ́fẹ́ líle Meltemi láti àríwá kì í ṣeré.