Eyín tí Ó Dákẹ́ Kì í Ṣe Eyín tí Ó Sàn

Bí eyín bá ń dun ènìyàn ní Adó-Odò tàbí ní Ọ̀tà, a ó wí pé kòkòrò ni ó ń jẹ ẹ́. Kì í ṣe àwa nìkan ni a ní irú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ará Bábílónì àtijọ́ pẹ̀lú gbà á gbọ́. Kòkòrò ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí ń rìn bí ekòló. Ní ọdún 1890, W. D. Miller ṣàlàyé pé àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí a máa sọ àṣẹ́kù oúnjẹ di omi kíkan, èyí tí ó ń jẹ ara eyín díẹ̀díẹ̀.

Nítorí náà, ìbàjẹ́ eyín kì í fi ìrora bẹ̀rẹ̀. Báwo ni dókítà eyín ṣe ń mọ̀ ọ́n?

Èkíní, yóò nu itọ́ kúrò, yóò sì wo àmì funfun bí ẹfun lára eyín. Ihò kò tíì sí nígbà náà. Ọṣẹ ìfọyín tí ó ní fluoride àti ìdínkù ohun dídùn lè dá a dúró.

Èkejì, yóò wo ibi tí ó dúdú. Obì àti tábà náà a máa pa eyín láró, nítorí náà kì í ṣe gbogbo dúdú ni ìbàjẹ́.

Ẹ̀kẹta, àwòrán X-ray yóò fi ohun tí ó pamọ́ sí àárín eyín méjì hàn.

Ẹ̀kẹrin, yóò fi ohun tútù kan eyín náà. Bí ìrora bá tán kíákíá, ó ṣeé ṣe kí a lè dí ihò náà. Bí ó bá pẹ́ kí ó tó lọ, inú eyín ti fara gbọgbẹ́. Bí kò bá sì mọ nǹkan kan lára, ó lè jẹ́ pé eyín náà ti kú.

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ìrora dáwọ́ dúró, wọ́n ní àgbo ti jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọyún ń kó jọ sí ìdí eyín, títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò fi wú.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹ kíyè sí eyín ńlá tí ń hù lẹ́yìn àwọn eyín ọmọdé ní nǹkan bí ọdún 6. Ọ̀pọ̀ rò pé yóò yọ, kí òmíràn sì hù. Kò rí bẹ́ẹ̀; òun ni ọmọ náà yóò lò dọ́jọ́ ogbó. Ẹ jẹ́ kí ọmọ la ẹnu nínú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ sì wò ó. Bí ẹ bá rí ẹfun, dúdú tàbí ihò, ẹ mú un tọ dókítà eyín lọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún.