Ojú Láptọ́ọ̀pù Tó Ń Ṣókùnkùn Láìnídìí

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí.

Ẹ̀gbọ́n mi yá mi ní láptọ́ọ̀pù rẹ̀ kí n máa fi ṣe ìbéèrè JAMB. Ẹ kúkú mọ̀ pé láti ọdún 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ti ń ṣe UTME. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí ojú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn. Mo lè wà lórí ìbéèrè kẹẹ̀ẹ́dógún kó ṣàdédé dúdú kirikiri. Tí mo bá tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń tàn án, á padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an, bíi pé kò sí nǹkan kan.

Nílé, ẹnì kan ní iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ló bà á jẹ́. Ẹlòmíì ní atẹ́gùn ọ̀sà ni, pé kì í jẹ́ kí nǹkan onírin pẹ́ lágbègbè wa. A gbé e láti Ìbíadé lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó tàn án fún bíi wákàtí kan, kò ṣókùnkùn rárá. Síbẹ̀ ó ní ojú ẹ̀ ti fẹ́ kú, pé ká ra tuntun. Owó tó pè tó àjọ oṣù méjì tí màmá mi ń dá. Màmá ní òun á kó àjọ náà lópin oṣù. Ó dùn mí. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan."

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé, kí ló dé tí kò fi ṣe é lọ́hùn-ún?

Ojú láptọ́ọ̀pù bíi tiwa kì í dá tan ìmọ́lẹ̀. Iná kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń mú kí àwòrán hàn. Tí iná yẹn bá kú, àwòrán ṣì wà níbẹ̀. Tí ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, ẹ máa rí i fírífírí. Mo ṣe é, n kò rí nǹkan kan. Wáyà tó ń gbé àwòrán lọ sójú náà sì gba ibi tí ìdérí ti so mọ́ ìsàlẹ̀. Ṣíṣí àti pípadé ojoojúmọ́ lè gé e. Tó bá jẹ́ òun ni, tí ẹ bá rọra mi ìdérí síwá sẹ́yìn, ojú á máa ṣẹ́jú. Tèmi kò ṣẹ́jú.

Ó wá kan tẹlifíṣọ̀n. Mo fi wáyà HDMI so ó mọ́ tiwa. Tó bá jẹ́ ojú láptọ́ọ̀pù nìkan ló bàjẹ́, tẹlifíṣọ̀n kò yẹ kó ṣókùnkùn. Àwọn méjèèjì ló jọ ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà! Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ, torí ó túmọ̀ sí pé ojú tuntun tí wọ́n ní ká rà kò ní yanjú nǹkan kan.

Ibẹ̀ ni mo ti kíyè sí iná kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń ṣẹ́jú. Iná yẹn kì í ṣẹ́jú àfi tí ẹ̀rọ bá ń sùn. Sùn kẹ̀? Ta ló ní kó sùn? Tí èèyàn bá pa ìdérí ẹ̀ dé ló máa ń sùn, ìdérí sì wà ní ṣíṣí gbayawu.

Mo mú ìwé. Gbogbo ìgbà tó bá ti ṣẹlẹ̀, mo ń kọ aago, bóyá iná wà, bóyá ṣájà wà lára ẹ̀, àti ohun tó wà lórí tábìlì. Nígbà tó di ìgbà keje, mo kà á padà. Iná wà nígbà míì, kò sí nígbà míì. Ṣùgbọ́n nínú méjèèje, fóònù mi wà lápá òsì kíbọ́ọ̀dù, nínú àpò awọ rẹ̀ tó ń ṣí tó ń pa dé bí ìwé. Òòfà, ìyẹn mágnẹ́ẹ̀tì, ló ń di ẹnu àpò yẹn mú. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, inú báàgì màmá mi ni fóònù wà.

Mo gbé fóònù jìnnà. Wákàtí méjì, kò ṣe nǹkan kan. Mo gbé e padà, ó dúdú. Mo yọ fóònù nínú àpò, mo gbé fóònù nìkan síbẹ̀, kò ṣe nǹkan kan. Mo gbé àpò òfìfo síbẹ̀, ó dúdú.

Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, òòfà kékeré kan wà létí ìdérí, ohun kan sì wà nísàlẹ̀ tó ń mọ̀ tí òòfà bá sún mọ́ ọn. Bó ṣe ń mọ̀ pé ẹ ti pa á dé nìyẹn. Kò mọ òòfà ìdérí yàtọ̀ sí ti àpò fóònù. Mo fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ màmá mi wá ti ìdérí kiri, mo sì rí ibi tó ti fà á. Edwin Hall, ọmọ Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe irú iṣẹ́ yìí. Ní 1879 ló rí i pé tí iná bá ń gba inú góòlù pẹlẹbẹ kọjá, tí òòfà sì wà nítòsí, fóltéèjì kékeré máa ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ góòlù náà. Ẹ ò rí i pé òòfà tí à ń kọ́ ní Físíìsì kì í ṣe ti ìdánwò nìkan!

Kì í ṣe gbogbo òkùnkùn ló rí báyìí o. Tí ojú bá fọ́, tó bá ní ìlà gbọọrọ, tàbí tí omi dà sí i, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe.

Màmá ti fi owó àjọ náà san owó WAEC mi. Àpò fóònù náà ṣì wà nílé. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má jù ú nù, pé òun fẹ́ gbé e lọ síléèwé òun, kí òun fi dán láptọ́ọ̀pù ọ̀rẹ́ òun wò.