Oyin Inú Àpáta àti Obìnrin Tí Wọ́n Tì Mọ́lé

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òwe yìí kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá. Wọ́n ń pa á fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò, fún àgbẹ̀ tó ń ro ilẹ̀ olókùúta, fún oníṣòwò tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn tí kò sì fẹ́ kógbá wọlé, ó sì bá gbogbo wọn mu. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ń pa á fún ọ̀dọ́kùnrin tí ọmọbìnrin ti sọ fún pé òun kò fẹ́, wọ́n á ní kí ó má ṣe rẹ̀wẹ̀sì, kí ó tún padà lọ. Fíìmù kan tó ti ilẹ̀ Poland wá fi ibi tí irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ lè já sí hàn, ó sì ṣeni láàánú pé ọ̀pọ̀ àwọn tó wò ó gbà pé ìtàn ìfẹ́ lásán ni àwọn wò.

365 Days ni orúkọ fíìmù náà. Barbara Białowąs àti Tomasz Mandes ni wọ́n darí rẹ̀, inú ìwé ìtàn àròsọ tí Blanka Lipińska kọ jáde ní 2018 ni wọ́n sì ti mú un. Ó dé ilé sinimá ní Poland ní oṣù Kejì ọdún 2020, Netflix sì gbé e jáde fún gbogbo ayé ní oṣù Kẹfà, nígbà tí àrùn Kòrónà sé ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ́lé. Massimo Torricelli, ẹni tó jẹ́ olórí ìdílé máfíà kan ní Sicily, ìyẹn ẹgbẹ́ ọ̀daràn tó ń fi ìbọn àti ìbẹ̀rù ṣàkóso ìlú, rí obìnrin kan létíkun ní ọjọ́ tí wọ́n yìnbọn pa bàbá Massimo, ojú obìnrin náà kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Nígbà tí obìnrin yìí, Laura Biel, ti Warsaw wá gba ìsinmi ní Sicily, Massimo ní kí wọ́n jí i gbé. Laura lajú nínú ilé tí kò mọ̀, ó sì bá àwòrán ojú ara rẹ̀ tí wọ́n yà, tí wọ́n sì gbé kọ́ ara ògiri.

Ó yẹ kí òǹwòran dúró pẹ́ níwájú àwòrán náà. Fíìmù fẹ́ kí wọ́n kà á sí ẹ̀rí ìfẹ́ tí kò ṣá, bẹ́ẹ̀ sì rèé, Massimo kò mọ ohùn obìnrin yìí, kò mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, kò mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Àwòrán ló bá gbé fún ọdún márùn-ún, àwòrán kì í sì í janpata. Ohun tó ń fẹ́ kò ju kí ènìyàn ẹlẹ́ran ara wá dákẹ́ bí àwòrán náà ti dákẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni ìlérí náà wá. Massimo ní ọjọ́ 365 ni òun yóò fi dá a dúró kí ó lè fẹ́ràn òun, òun kò sì ní ṣe ohunkóhun sí i láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀. Bí ó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára obìnrin náà. Ìlérí yìí léwu ju gbogbo ìbọn inú fíìmù náà lọ, nítorí pé kò sí ẹni tí kò mọ ìbọn ní ohun ibi, ṣùgbọ́n sùúrù jẹ́ ìwà tí gbogbo ènìyàn ń yìn, ẹni tó bá sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn tó wá sọ pé òun yóò ní sùúrù ti sọ ìwà rere di irinṣẹ́ ọ̀daràn. Bí ẹni tí kò lè jáde bá tilẹ̀ sọ pé òun gbà, ta ni yóò mọ ohun tí ì bá sọ ká ní ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀?

Ohun tó tẹ̀ lé e bá ìlérí náà lọ. Massimo fi àwòrán tó fi hàn pé ọ̀rẹ́kùnrin Laura dalẹ̀ rẹ̀ hàn án, kí ó má bàa ní ẹni tí yóò sá tọ̀ lọ. Ó kó aṣọ olówó iyebíye fún un. Ní ilé ijó alẹ́ kan, ọkùnrin kan fọwọ́ kan Laura lọ́nà tí kò tọ́, Massimo yìnbọn fún un, lẹ́yìn náà ó sọ fún Laura pé ìwà rẹ̀ ló dá ogun sílẹ̀ láàárín ìdílé òun àti ìdílé ọkùnrin náà. Nígbà tí wọ́n ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Laura ṣubú sínú òkun, Massimo bẹ́ sómi gbé e jáde, ibẹ̀ sì ni Laura ti gbà fún un. Ẹni tó ti obìnrin kan sínú ewu ni fíìmù yìn fún pé ó yọ ọ́ nínú rẹ̀.

Duffy, akọrin ọmọ Wales tó ti sọ ní gbangba ní oṣù Kejì ọdún 2020 kan náà pé wọ́n ti jí òun gbé rí, pé wọ́n sì fipá bá òun lò pọ̀, kọ lẹ́tà ìta gbangba sí Reed Hastings tó jẹ́ ọ̀gá Netflix nígbà náà. Ó ní fíìmù náà ń ṣe ìwà ìkà lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹni tí iná jó kan egungun ló sọ̀rọ̀ yẹn, ó sì yẹ kó tó láti pa àríyànjiyàn. Netflix kò yọ fíìmù náà kúrò. Apá kejì àti apá kẹta jáde ní 2022.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni torí èyí sọ pé kí fíìmù má fi ìfẹ́ àti ìwà ọ̀daràn sí ojú kan. Martin Scorsese ṣe é nínú fíìmù rẹ̀, Goodfellas, ní 1990, ó sì ṣe é bí ó ti yẹ. Henry Hill, ọ̀daràn inú fíìmù náà, fi ìdí ìbọn lu ọkùnrin kan tó fẹ́ fipá mú Karen, obìnrin tó wá di ìyàwó rẹ̀, ó gbé ìbọn tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀ fún Karen kí ó bá òun fi í pamọ́, Karen sì jẹ́wọ́ fún òǹwòran pé dípò kí òun sá, ara òun yá gágá sí i. Òótọ́ ni fíìmù yẹn sọ, nítorí pé agbára a máa wọ ènìyàn lójú. Ṣùgbọ́n fíìmù kò dúró síbẹ̀: nígbà tó yá, Karen fúnra rẹ̀ ló na ìbọn sí ojú Henry lórí ibùsùn, nígbẹ̀yìn sì rèé, ìdílé náà di ẹni tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fi pamọ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ wọn àtijọ́.

Ó wá hàn pé òwe oyin kò pé tó ní ibi yìí. Ẹnu àáké tí òwe sọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó ń gé àpáta, àdánù rẹ̀ nìkan ni òwe sì kà. Oyin kò ní ẹnu tí yóò fi kọ̀. Ìṣe àwọn àgbà nínú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó gbọ́n ju òwe yìí lọ, nítorí pé wọ́n fi ìṣíhùn sí i, ìyẹn ìpele tí ọmọbìnrin àti àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò ti fẹnu ara wọn sọ pé àwọn gbà, kí ọ̀rọ̀ tó lè tẹ̀ síwájú. Lóòótọ́, àwọn bàbá kan fipá fi ọmọ fọ́kọ, àbùkù ńlá sì ni. Síbẹ̀, àṣà náà mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ohùn obìnrin.

Ọmọbìnrin tí ọkùnrin bá ń tẹ̀ lé kiri, tó ń yan aṣọ fún un, tó ń ba àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ́ lójú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ní láti tètè sọ fún ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé, kí ó má sì jẹ́ kí owó àti fóònù rẹ̀ bọ́ sí ìkáwọ́ ọkùnrin náà. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní 2015 lòdì sí ìwà ipá ka ìtẹ̀lékiri tó ń dẹ́rù bani sí ẹ̀ṣẹ̀, ó sì ka fífi ipá ya ènìyàn nípa sí ẹbí àti ọ̀rẹ́ mọ́ ọn. Kí ìyá má sì sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kí ó ṣàánú ọkùnrin náà nítorí pé ó ti ń gbìyànjú tipẹ́. Alárinà tó bá sì gbọ́ “rárá” lẹ́nu ọmọbìnrin ní láti jẹ́ iṣẹ́ náà fún ẹni tó rán an lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó má sì gba owó ọkọ̀ láti tún padà lọ.