Owó Epo Mọ́tò àti Ọ̀nà Ọba: Ẹ̀kọ́ láti Ìpínlẹ̀ Oregon

Bí àgbẹ̀ bá kórè, tí ìkórè náà sì pọ̀, ṣùgbọ́n tí ẹrẹ̀ kò jẹ́ kí ó gbé e dé ọjà, èrè wo ni ó jẹ? Gbogbo wa ni a mọ ìdáhùn ìbéèrè yìí. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì fara balẹ̀ rò ni ìbéèrè kejì tí ó tẹ̀lé e: ta ni ó yẹ kí ó san owó tí a ó fi tún ọ̀nà ṣe, ọ̀nà wo ni a ó sì gbà gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò fi ní jẹ́ ìrẹ́jẹ? Ìbéèrè yìí ni àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ Oregon, ní ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, létí òkun Pàsífíìkì, ti ń bá jìjàkadì fún ohun tí ó ju 100 ọdún lọ. Ìdáhùn tí wọ́n rí ní 1919 ni gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà gbà lò lẹ́yìn náà. Àwọn kan náà ni wọ́n sì tún wà lára àwọn tí ó tètè rí i pé ìdáhùn náà ti ń gbó lọ́wọ́ wọn.

Ní àtijọ́, ọ̀nà àárín oko ní Amẹ́ríkà wà lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò. Òfin pàṣẹ ní ibi púpọ̀ pé kí olúkúlùkù ọkùnrin tí ó tó iṣẹ́ ṣe fi ọjọ́ mélòó kan lọ́dọọdún ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà, tàbí kí ó san owó dípò. Kò yàtọ̀ púpọ̀ sí bí àwọn baba wa ti ń mú ọkọ́ àti àdá jáde lọ yẹ ọ̀nà nígbà tí baálẹ̀ bá ránṣẹ́. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó fún ipa tí ẹsẹ̀ ènìyàn ń tẹ̀. Kò tó fún ọ̀nà tí ẹrù wúwo ń gbà kọjá. Ní àfonífojì odò Willamette ní Oregon, níbi tí ilẹ̀ ti lọ́ràá, òjò a máa rọ̀ láti ìgbà ìwọ́wé títí wọ ìgbà ìrúwé, ẹrẹ̀ a sì máa gbé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù mì. Erùpẹ̀ tí àgbẹ̀ fi ọkọ́ dà sínú kòtò lánàá, òjò òní ni yóò gbá a lọ.

Ó lè ya olùkàwé lẹ́nu pé kì í ṣe onímọ́tò ni ó kọ́kọ́ ké gbàjarè nítorí ọ̀nà ní Amẹ́ríkà, bí kò ṣe àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere. Ẹgbẹ́ wọn, League of American Wheelmen, tí a dá sílẹ̀ ní 1880, ni ó ń bẹ ìjọba pé kí ó má ṣe fi ọ̀nà sílẹ̀ fún àwọn ará oko nìkan. Ní 1891 ìpínlẹ̀ New Jersey ṣe òfin pé kí àpò ìpínlẹ̀ máa ran àwọn ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́ láti la ọ̀nà. Ní 1893 Massachusetts yan ìgbìmọ̀ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti ọ̀nà ọba nìkan. Lẹ́yìn náà ni mọ́tò dé. New York ni ìpínlẹ̀ kìíní tí ó pàṣẹ, ní 1901, pé kí onímọ́tò forúkọ ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ìjọba kò fún un ní nọ́ńbà kankan. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹ wo irú ìdàrúdàpọ̀ tí ìbá jẹ́ ní ilẹ̀ tiwa, níbi tí Adé, Ayọ̀ àti Akin ti pọ̀ tó báyìí! Ní 1903 ni Massachusetts bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọkọ̀ ní nọ́ńbà láti ọwọ́ ìjọba.

Oregon náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ ní 1905, owó rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là 3. Ní 1913 a yan ìgbìmọ̀ ọ̀nà ọba. Ní 1917 àwọn ará ìlú dìbò pé kí ìpínlẹ̀ yá mílíọ̀nù 6 dọ́là láti fi da òkúta àti ọ̀dà sí ojú ọ̀nà, nítorí igbe gbogbo ènìyàn ni pé kí a fa Oregon yọ kúrò nínú ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè kì í jẹ́ ti ẹni tí ó yá a nìkan. A ó san án. Bí a bá gbé e ka orí ilẹ̀, àgbẹ̀ tí ó ní ilẹ̀ púpọ̀ ṣùgbọ́n tí kò ní mọ́tò ni yóò máa sanwó fún olówó ìlú tí ń sáré lórí ọ̀nà. Bí a bá sì gbé e ka owó orúkọ ọkọ̀ nìkan, ẹni tí ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ jáde ní ọjọ́ Sunday nìkan yóò san iye kan náà pẹ̀lú ẹni tí ń wà á láti òwúrọ̀ di alẹ́.

Ní 25 Oṣù Kejì, 1919, Oregon ṣe òfin pé sẹ́ǹtì 1 yóò wà lórí gálọ́ọ̀nù epo mọ́tò kọ̀ọ̀kan, àti pé ọ̀nà ni a ó fi owó náà ṣe. Òun ni ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tí ó ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀. Ẹ kíyèsí ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó rìn jìnnà ra epo púpọ̀, ó sì san púpọ̀. Ọkọ̀ wúwo ń mu epo ju ọkọ̀ fífúyẹ́ lọ. Àlejò tí ó gba ìpínlẹ̀ kọjá, bí ó bá ra epo níbẹ̀, ó san tirẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dá a dúró. Àwa ọmọ Yorùbá mọ owó bodè láti ayé àwọn baba ńlá wa, a sì mọ bí oníbodè ti ń dá èrò dúró lẹ́nu ibodè ìlú. Owó epo jẹ́ bodè tí kò ní ẹnu ọ̀nà. Ohun mìíràn tún wà tí ó mú kí àwọn aṣòfin fẹ́ràn rẹ̀: ọwọ́ àwọn oníṣòwò epo ńláńlá, tí wọn kò pọ̀, ni a ti ń gba owó náà, kì í ṣe ojúlé dé ojúlé. Nítorí náà owó tí a ń ná láti fi gba owó kéré jọjọ.

Àgbẹ̀ yóò béèrè pé: katakata mi tí ń kọ ebè ńkọ́, tí kì í tẹ ọ̀nà ọba? Òfin gbà pé kí àgbẹ̀ tí ó ra epo fún ẹ̀rọ oko rẹ̀ gba owó ọ̀nà tí ó wà lórí epo náà padà, bí ó bá pa rìsíìtì mọ́. Mo mẹ́nu kan èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ní ibi gbogbo ni kì í pa ìwé pélébé mọ́.

Ní 1919 kan náà ni Colorado, New Mexico àti North Dakota tẹ̀lé Oregon. Nígbà tí ó fi máa di 1929, kò sí ìpínlẹ̀ kan nínú 48 tí kò ní owó epo, New York sì ni ó kẹ́yìn wọn.

Ibi tí owó bá ti ń ṣàn wá lójoojúmọ́, ojú púpọ̀ ni yóò máa wò ó. Ní àkókò ọ̀dá owó ńlá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1929, àwọn ìpínlẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó epo ṣe ohun mìíràn. Ní 1934 ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe òfin pé ìpínlẹ̀ tí ó bá yí owó ọ̀nà sí ibòmíràn lè pàdánù tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìrànlọ́wọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣe fún un lórí ọ̀nà. Oregon tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn àpò náà pa nínú ìwé òfin ìpìlẹ̀ rẹ̀: gẹ́gẹ́ bí àtúnṣe tí àwọn ará ìlú dìbò fún ní 1980, ọ̀nà ọba àti ohun tí ó jẹ mọ́ ọn ni a lè fi owó epo àti owó ọkọ̀ ṣe. Lójú tèmi, títì yìí dára, ṣùgbọ́n ó ní ìnira tirẹ̀, nítorí ẹni tí kò ní ọkọ̀, tí ó ń wọ bọ́ọ̀sì, kò rí nǹkan kan gbà nínú àpò náà. Nígbà tí àwọn aṣòfin fẹ́ ran bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ní 2017, wọ́n ní láti wá owó níbòmíràn, wọ́n sì yọ ìdá kan nínú 1000 lára owó iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́. Òfin kan náà fi dọ́là 15 lé kẹ̀kẹ́ ológeere titun tí owó rẹ̀ bá tó dọ́là 200, kí a lè fi la ipa ẹlẹ́sẹ̀ àti ti kẹ̀kẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni owó ọ̀nà padà wá bá ìdílé àwọn tí ó kọ́kọ́ ké fún un.

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà pẹ̀lú, òfin mọ ọ̀nà yìí. Òfin 2002 dá ilé-iṣẹ́ FERMA sílẹ̀ láti máa tún ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ṣe. Àtúnṣe rẹ̀ ní 2007 fi ìdá 5 nínú 100 lé iye tí a ń ta epo mọ́tò, ìdá 40 nínú 100 owó náà fún FERMA, ìdá 60 fún àwọn ilé-iṣẹ́ títún ọ̀nà ṣe ti ìpínlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá lẹ́yìn náà tí a kò gba owó yìí gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí. Títì ilẹ̀kùn àpò kò ṣàǹfààní bí kò bá sí ohun tí a ó kó sínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀ràn ìwúwo ọkọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Láti 1958 sí 1960, nítòsí ìlú Ottawa ní ìpínlẹ̀ Illinois, a ṣe ọ̀nà kan fún ìdánwò, a sì mú kí àwọn ọmọ ogun máa wa ọkọ̀ akẹ́rù yí i ká tọ̀sán tòru. Ohun tí a rí ni pé bí ẹrù tí ó wà lórí ọ̀pá tí ó so ẹsẹ̀ ọkọ̀ méjì pọ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ tí ó ń ṣe fún ọ̀nà kò dúró ní ìlọ́po méjì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po 16, èyí ni 2 lọ́nà 2 lọ́nà 2 lọ́nà 2. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ náà kò sì mu epo ní ìlọ́po 16. Nítorí náà Oregon kò gbára lé owó epo fún ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ju 26,000 pọ́ọ̀nù lọ. Ìwọ̀n rẹ̀ àti iye máìlì tí ó rìn ni a fi ń ṣírò owó tirẹ̀.

Ní ti ọkọ̀ kéékèèké, gálọ́ọ̀nù ni òṣùwọ̀n, òṣùwọ̀n náà sì ti ń tàn wá jẹ. Ọkọ̀ ìsinsìnyí ń rìn jìnnà ju ti ìṣáájú lọ lórí epo díẹ̀, àwọn mìíràn sì ń rìn lórí iná mànàmáná láìmu epo rárá. Owó epo ti ìjọba àpapọ̀ di sẹ́ǹtì 18.4 ní 1993, a kò sì fi kún un lẹ́yìn náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó òkúta, ọ̀dà àti òṣìṣẹ́ ń gun òkè. Láti 2008 ni a ti ń bu owó láti inú àpò gbogbogbòò kún àpò ọ̀nà. Oregon ti rí i pé èyí ń bọ̀. Ní 2001 ó yan ìgbìmọ̀ kan láti wá òṣùwọ̀n mìíràn. Òfin 2013 dá ètò kan sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní 1 Oṣù Keje, 2015: ẹni tí ó bá fẹ́ lè san sẹ́ǹtì 1.5 lórí máìlì kọ̀ọ̀kan, kí a sì yọ owó epo tí ó ti san kúrò nínú rẹ̀. Ọkọ̀ 5,000 ni òfin gbà láyè.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀ bí a ti ń ṣe é ní ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọdún náà owó epo ti Oregon jẹ́ sẹ́ǹtì 30 lórí gálọ́ọ̀nù. Ọkọ̀ tí ń rin máìlì 20 lórí gálọ́ọ̀nù kan yóò mu gálọ́ọ̀nù 50 nínú máìlì 1000. Owó epo rẹ̀ jẹ́ dọ́là 15. Sẹ́ǹtì 1.5 lórí máìlì 1000 jẹ́ dọ́là 15 bákan náà: onítọ̀hún kò jèrè, kò sì pàdánù. Ọkọ̀ tí ń rin máìlì 50 lórí gálọ́ọ̀nù kan san dọ́là 6 péré lórí epo, ó ku dọ́là 9 lọ́rùn rẹ̀. Ọkọ̀ oníná mànàmáná kò san nǹkan kan lórí epo. Dọ́là 15 pípé ni yóò san.

Àwọn ará oko ni ó kọ́kọ́ fi àìfẹ́ hàn. Wọ́n ní, àwa ni ọjà jìnnà sí, àwa ni a ń rin máìlì púpọ̀, a ó ha tún máa san owó lórí máìlì bí? Ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣirò. Ọkọ̀ àgbẹ̀ tí ó ti gbó, tí kò rìn ju máìlì 10 lọ lórí gálọ́ọ̀nù kan, ti san dọ́là 30 lórí epo nínú máìlì 1000 kan náà. Ìlọ́po méjì ohun tí ó tọ́ sí i ni ó ti ń san tẹ́lẹ̀, nítorí pé kò lówó ra ọkọ̀ titun. Àwọn aṣòfin mọ èyí dájú, nítorí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin pé a kò gbọdọ̀ gba ju 1,500 lọ nínú ọkọ̀ tí kò lè rin tó máìlì 17 lórí gálọ́ọ̀nù kan sínú ètò náà, kí owó tí a ó dá padà má baà pọ̀ jù.

Ìbẹ̀rù kejì le ju ti owó lọ. Bí ìjọba bá ń ka máìlì, kò ha ní mọ ibi gbogbo tí mo lọ? Òfin 2013 dáhùn pé kí a pa àkọsílẹ̀ ibi tí ọkọ̀ lọ run láàárín 30 ọjọ́ lẹ́yìn tí a bá ti parí ìṣirò owó rẹ̀, kí ọ̀nà kan ó kéré tán sì wà tí ẹ̀rọ kò ní mọ ibi tí ọkọ̀ wà rárá. Àgbẹ̀ tí ó ń wa ọkọ̀ rẹ̀ kiri inú ilẹ̀ ara rẹ̀ lè yan ẹ̀rọ tí ó mọ ibi tí ó wà, kí a lè yọ máìlì inú oko kúrò nínú owó rẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ìrìn rẹ̀ yan èkejì, tí ń ka máìlì nìkan, ó sì ń sanwó lórí gbogbo wọn, ti oko àti ti ọ̀nà ọba.