Àkànní, má tíì yọ tẹmosítáàtì yẹn

Àkànní ọmọ mi,

Màmá rẹ ti sọ fún mi pé o ra Corolla tòkunbọ̀, pé o ti kó sípánà jọ, àti pé ẹ̀yìnkùlé rẹ ní Ìbàdàn ti di ilé mẹkáníìkì ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Inú mi dùn sí i. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà bẹntiróò tí kò tó 200 náírà di ohun tó lé ní 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹni tó bá lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún nǹkan ṣe ti gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Máa bá a lọ.

Ohun tí o wá sọ fún mi lórí fóònù ni kò jẹ́ kí n fọkàn balẹ̀. O ní mẹkáníìkì àdúgbò yín ní kí o yọ tẹmosítáàtì ọkọ̀ náà sọnù, pé tìtorí òtútù ìlú òyìnbó ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀, pé ilẹ̀ tiwa gbóná.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì wa, kò sì tọ̀nà. Iṣẹ́ tẹmosítáàtì ni láti sé omi mọ́ inú ẹ́ńjìnnì títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná dé ìwọ̀n tí wọ́n ṣe é fún. Ti ọ̀pọ̀ Toyota máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní nǹkan bí 82 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Oòrùn ọ̀sán Ìbàdàn, bó ti wù kó mú tó, kò sún mọ́ ọn rárá. Ẹ́ńjìnnì tó wà ní Jámánì nílò rẹ̀, èyí tó wà ní Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn náà nílò rẹ̀.

Bí o bá yọ ọ́, omi á máa yí ká láti ìgbà tí o bá ti ṣáná sí ọkọ̀. Sẹ́ńsọ̀ á máa sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ pé ara ẹ́ńjìnnì kò tíì yá, kọ̀ǹpútà á sì máa da epo kún epo. Iná ẹ́ńjìnnì á tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, o ó tún lọ sanwó fún ẹni tí yóò bá ọ pa á. Ọjọ́ kejì, á tún tàn.

Kí o lè mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣe báyìí. Jẹ́ kí ọkọ̀ tutù pátápátá, da omi rẹ̀ sínú báfù, kí o tú bóòtù tó di ìdérí ilé tẹmosítáàtì mú. Fi fóònù ya gbogbo ibẹ̀ kí o tó tú ohunkóhun. Á bọ́ sí ọ lọ́wọ́: irin roboto kan tó ní sípíríǹgì, kò tóbi ju ẹnu ife ìmumi lọ, wọ́n sì sábà máa ń lu nọ́ńbà ìgbóná rẹ̀ sí i lára. Fi òwú so ó rọ̀ sínú ìkòkò omi lórí iná, má jẹ́ kó kan ìdí ìkòkò, kí o sì máa wò ó. Fún ìgbà díẹ̀, ohunkóhun kò ní í ṣẹlẹ̀. Kí omi tó hó gan-an, wàá rí i tí irin àárín rẹ̀ á rọra máa kúrò lẹ́nu ihò, tí àlàfo á sì yọ. Gbé e jáde, á padà pa dé. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é, dá a padà síbi tó wà, kí o fi rọ́bà tuntun sí i, kí pín-ìnnì kékeré tó ń mì lára rẹ̀ wà lókè kí afẹ́fẹ́ lè ráyè jáde. Bí omi bá hó títí tí kò mira, ó ti kú nìyẹn, ra òmíràn. Bí a bá fi sùúrù pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀.

Bí ọkọ̀ náà bá ń gbóná jù lóòótọ́, ibòmíràn ni kí o wá ìdí rẹ̀ lọ. Omi lásán tí wọ́n ti ń dà sí i dípò kúláǹtì lè ti mú ìpẹtà dí radíétọ̀. Ìdérí radíétọ̀ lè ti dẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òun ló ń ti omi mọ́lẹ̀ kó má tètè hó. (Má ṣí i nígbà tó bá gbóná, Àkànní. Omi yẹn á bó èèyàn lójú.) Wo fáànù náà dáadáa, nítorí àwọn rewáyà wa fẹ́ràn láti so ó ní dáírẹ́ẹ̀tì: bí ọkọ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́, fáànù ń yí, ì báà gbóná, ì báà tutù. Mọ́tọ̀ fáànù á tètè gbó, wáyà tí wọn kò fi fíúsì sí á gbóná títí rọ́bà ara rẹ̀ á fi yọ́.

Ohun tí mo ń bá ọ sọ gan-an nìyí. Ẹ̀rọ àlòkù ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, ọ̀pọ̀ ọwọ́ náà ló sì ti yọ nǹkan kan lára rẹ̀. Kí o tó ronú ohun tí o fẹ́ fi kún un, wá ohun tí wọ́n ti yọ, kí o dá a padà.

Jẹnẹrétọ̀ tí o rà lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ náà ńkọ́? Irú èyí tí kì í po ọ́ìlì mọ́ epo sábà máa ń ní sẹ́ńsọ̀ kan nínú tó ń pa á bí ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀. Ó máa ń bí èèyàn nínú: NEPA mú iná lọ, ẹ fa okùn títí, kò jí. Ẹnìkan á ní kí wọ́n gé wáyà sẹ́ńsọ̀. Wọ́n á gé e, á jí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, inú gbogbo ilé á dùn. Sẹ́ńsọ̀ yẹn ló ń kìlọ̀ fún yín pé ọ́ìlì ti fẹ́ tán. Nígbà tí kò sí olùkìlọ̀ mọ́, písítìnì á gan mọ́ ara sílíńdà. Má sì jẹ́ kí wọ́n yí síkúrù gọ́fánọ̀ kí iná lè mọ́lẹ̀ sí i. Ìgbà 3,000 ni irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ń yí ní ìṣẹ́jú kan kó lè fún ọ ní iná 50 Hz tí wọ́n ṣe fíríìjì rẹ fún. Ìta gbangba sì ni kí o ti máa dán an wò, kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èéfín rẹ̀ ti pa odidi ìdílé lójú oorun ní ilẹ̀ yìí.

Ní ti ohun èlò, o lè ra àlòkù tó jẹ́ ojúlówó, tí wọ́n ń pè ní Belgium, ní Àràrọ̀mí ní Agodi-Gate. Ó sábà máa ń sàn ju ayédèrú tuntun lọ. Àmọ́ bíréèkì àti táyà, tuntun ni kí o rà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára táyà ni ọjọ́ orí rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019.

Ti gáàsì tí o ní o fẹ́ fi rọ́pò bẹntiróò, n kò fọwọ́ sí i pé kí o ṣe é nílé. CNG, ìyẹn gáàsì inú ọkọ̀, máa ń wà ní ìwọ̀n 200 bar, sílíńdà gáàsì ìdáná kò sì lè gba ohun tó sún mọ́ ọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ kan bú gbàmù ní ìlú Benin níbi tí wọ́n ti ń rọ CNG sí i, àwọn aláṣẹ sì sọ pé sílíńdà tí wọ́n ti fi wẹ́dà tún ṣe ló fà á. Ilé iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ ni kí o gbé e lọ, tàbí kí o fi bẹntiróò rẹ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí o tó wọ abẹ́ ọkọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀, jọ̀wọ́ ra ẹsẹ̀ irin méjì tí a fi ń gbé ọkọ̀ dúró, nítorí jáàkì nìkan lè yọ̀. Kí o sì fi àwòrán tẹmosítáàtì náà nínú omi gbígbóná ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp kí o tó fún mẹkáníìkì yẹn lésì.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ,
Abẹ́òkúta.