Ìwádìí Ìwà Ọ̀dọ́ Tí Yóò Bójú Tó Ọmọdé

Nígbà tí ilé-ìwé bá gba ìsinmi gbọọrọ ní ìparí oṣù Keje, a kì í ṣàì wá ibi tí a ó kó àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ lọ. Ní Likosi àti ní àwọn ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, ìjọ yóò kó àwọn kan jọ fún ẹ̀kọ́ Bíbélì, ilé kéwú yóò kó àwọn tirẹ̀ jọ, ẹlòmíràn yóò sì ṣí kíláàsì lẹ́sìn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀. Bí a bá wo àwọn tí ń to àwọn ọmọ wọ̀nyí sórí ìlà, tí ń kọ́ wọn lórin, tí ń mú wọn lọ mu omi, a ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe àgbàlagbà. Ọ̀dọ́ ni wọ́n, ọmọ ọdún 15, 16 tàbí 17, wọn kò sì gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí ti yọ̀ǹda ara yín fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, ẹ ó sì tún ṣe é. Iṣẹ́ rere ni. Ohun tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò ni ìbéèrè kan tí a kì í sábà bi ara wa kí a tó gbé iṣẹ́ náà lé ọ̀dọ́ lọ́wọ́: ta ni ó mọ ọmọ yìí, kí ni ó sì mọ̀ nípa rẹ̀?

Kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ wa pé kí ọ̀dọ́ máa kọ́ ọmọdé. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹni tí a bí ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1909, ti ṣe olùkọ́ kékeré kí ó tó wọ Wesley College ní Ìbàdàn ní 1927; kò tí ì pé ọmọ 20 ọdún nígbà náà. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, èyí tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ olórí fún, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìíní 1955, iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò sókè láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 sí ohun tí ó ju 811,000 lọ láàrin ọdún kan ṣoṣo. Níbo ni a ó ti rí olùkọ́ tí yóò tó fún ogunlọ́gọ̀ bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a gbà kò tí ì kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ rárá. Ìwé ẹ̀rí ìwà tí ọ̀gá ilé-ìwé kọ fún ni jẹ́ ohun tí ọ̀dọ́ tí ń wá iṣẹ́ máa ń mú dání ní ayé ìgbà náà. Ìwé náà kì í gùn: pé ọmọ yìí jẹ́ olóòótọ́, pé ó ń gbọ́ràn, pé kò pẹ́ dé ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n orúkọ ènìyàn kan wà lábẹ́ rẹ̀, ẹni tí ojú yóò tì bí ohun tí ó kọ bá já sí irọ́. Orúkọ yìí ni ó ń fún ìwé náà ní agbára.

Àwọn baba wa pẹ̀lú kì í ṣe nǹkan láìwádìí. Bí ọkùnrin kan bá fẹ́ gbé ìyàwó, ìdílé méjèèjì yóò béèrè nípa ara wọn títí ọkàn wọn yóò fi balẹ̀. Bí a bá fẹ́ fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́, a ó kọ́kọ́ wo bí ọ̀gá náà ti ṣe sí àwọn tí ó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Títí di òní, ẹni tí yóò máa ka owó ní ilé-iṣẹ́ kò lè ṣàìmú oníduro wá. Ó wá ń yà mí lẹ́nu pé a ń béèrè oníduro lọ́wọ́ ẹni tí yóò ka owó, a kì í sì í béèrè lọ́wọ́ ẹni tí yóò mú ọmọ ọdún márùn-ún lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Èsì tí a máa ń fọ̀ ni pé, "Ọmọ wa mà ni!"

Ó dára, ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí í ṣe ọmọ wa. Ìjọba ìbílẹ̀ Ṣàgámù ni Likosi wà, wọ́n sì pa á pọ̀ mọ́ Ògíjó ní wọ́ọ̀dù kan náà. Ọ̀nà tí ó ti Ṣàgámù lọ sí Ìkòròdú gba Ògíjó kọjá. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá wà níbẹ̀, àwọn ayálégbé sì ń ti ibi gbogbo wá. Ọmọ tí ohùn rẹ̀ dùn jù lọ nínú ẹgbẹ́ akọrin lè jẹ́ ẹni tí ìdílé rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ní èṣí. Síbẹ̀, ẹ má ṣe gbọ́ mi sódì: n kò ní kí a máa fura sí àlejò. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ìdáàbòbò ọmọdé káàkiri ayé ti rí i pé ẹni tí ń ba ọmọdé jẹ́ sábà máa ń jẹ́ ẹni tí ọmọ náà mọ̀, tí àwọn òbí rẹ̀ sì fọkàn tán. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wádìí ọmọ ayálégbé nìkan, tí ó sì fo ọmọ onílé dá nítorí pé ó mọ bàbá rẹ̀, kò tí ì ṣe ìwádìí kankan.

Ẹlòmíràn yóò ní, "Ṣé kì í ṣe ọlọ́pàá ni kí a lọ bi?" Lóòótọ́, ọlọ́pàá Nàìjíríà a máa fún ènìyàn ní ìwé ẹ̀rí ìwà lẹ́yìn tí ó bá ti tẹ ìka, àwọn tí ń múra àtilọ sí òkè òkun mọ̀ ọ́n dáadáa. Bákan náà, láti oṣù Kọkànlá 2019 ni àjọ NAPTIP ti ṣí ìwé orúkọ àwọn tí ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi fún ìfipábánilòpọ̀ àti irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun dáradára ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n kí ni wọn lè sọ fún wa nípa ọmọ ọdún 16? Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ògùn sì ṣe tirẹ̀ ní 2006, ka ẹnikẹ́ni tí kò tí ì pé ọdún 18 sí ọmọdé. Òfin ti 2003 náà pàṣẹ pé bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ṣẹ̀, kí a pa àkọsílẹ̀ ọ̀ràn rẹ̀ mọ́ ní àṣírí, kí a má ṣe fi han ẹni tí kò kàn. Ọgbọ́n wà nínú èyí, nítorí a kò fẹ́ kí ẹ̀ṣẹ̀ ìgbà èwe di àpá tí kò ní jiná láéláé. Àbájáde rẹ̀ ni pé bí a bá tilẹ̀ rí ìwé gbà nípa ọ̀dọ́ kan, kò dájú pé ohunkóhun yóò wà nínú rẹ̀. Ìwé tí a kò kọ nǹkan sí kò sì sọ pé ẹni náà mọ́. Ohun tí ó sọ ni pé a kò kọ nǹkan sí i.

Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ojú ara wọn rí èyí. Ní oṣù Kẹjọ 2002, ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Soham, ọkùnrin kan tí ń tọ́jú ọgbà ilé-ìwé girama pa ọmọbìnrin méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 10. Nígbà tí a tú ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò, ó hàn pé láàrin 1995 sí 1999, ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn ènìyàn ti fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ọlọ́pàá ní agbègbè mìíràn nítorí ìwà tí ó hù sí àwọn ọmọbìnrin. Ilé-ẹjọ́ kò dá a lẹ́bi lórí èyíkéyìí nínú ẹ̀sùn wọ̀nyí, ọlọ́pàá kò sì tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn bí ó ti yẹ. Orúkọ ìdílé méjì ni ó tún ń lò; nígbà tí ilé-ìwé fẹ́ gbà á, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n yẹ̀ wò. Ìgbìmọ̀ tí ó wádìí ọ̀ràn náà jábọ̀ ní 2004, ìjọba sì tún ètò náà ṣe, títí ó fi di àjọ tí à ń pè ní DBS ní oṣù Kejìlá 2012. Àwọn Yorùbá tí ń kọ́ ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ní Lọ́ńdọ̀nù mọ orúkọ náà. Ṣùgbọ́n àjọ ńlá yìí pàápàá kì í ṣe ìwádìí fún ẹni tí kò tí ì pé ọdún 16. Ọwọ́ àgbàlagbà tí ó wà nítòsí ni wọ́n fi irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ sí.

Bí ìwé kò bá lè sọ ọ́, ẹnu ènìyàn ni a ó ti gbọ́ ọ. Ọmọ ọdún 16 kò ní ìtàn gígùn lọ́dọ̀ ìjọba, ṣùgbọ́n ó ní ìtàn lọ́dọ̀ àwọn tí ó ti bá gbé: olùkọ́ kíláàsì rẹ̀, ìyá tí ó ti bá tọ́jú ọmọ rí, olórí ẹgbẹ́ Sikáòtù tàbí Bìrìgéèdì tí ó wà, àlùfáà tàbí ààfáà ibi tí ó ti ń bọ̀. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí a bi méjì nínú wọn, ó kéré tán, kí wọn má sì ṣe jẹ́ ìbátan rẹ̀.

Bí a ti ń béèrè tilẹ̀ ṣe pàtàkì ju iye ẹni tí a bi lọ. Bí o bá bi ènìyàn ní ilẹ̀ wa pé, "Ǹjẹ́ ọmọ dáadáa ni lágbájá?" yóò dáhùn pé, "Ọmọ dáadáa ni." Kò fẹ́ ba ti ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, ìdáhùn rẹ̀ kò ju ìkíni lọ. Ṣùgbọ́n wí pé, "Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá ń lọ sí ọjà Ṣàgámù láti àárọ̀ títí di alẹ́, ṣé ẹ ó fi àbíkẹ́yìn yín sílẹ̀ fún un?" kí o sì dákẹ́. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ yóò dáhùn kíákíá. Bí ó bá ń wo ilẹ̀, tí ó ń wá ọ̀rọ̀ kiri, fi ọ̀wọ̀ bi í léèrè ohun tí ó rí. Béèrè ohun tí ọ̀dọ́ náà máa ń ṣe nígbà tí ọmọdé bá ń ṣe agídí: ṣé nínà ni, àbí yẹ̀yẹ́? Béèrè bóyá ó máa ń fẹ́ kí òun nìkan wà pẹ̀lú wọn. Béèrè ìdí tí ó fi kúrò níbi tí ó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí kẹ́yìn. Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni èmi kà sí pàtàkì jù, nítorí nígbà mìíràn ẹgbẹ́ tí ó lé ẹnì kan nítorí ìwàkiwà a máa pa á mọ́ra nítorí ìtìjú, onítọ̀hún a sì gba ìlú kejì lọ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

A kò sì gbọdọ̀ sọ ìwádìí di ìbanijẹ́. Ẹni tí ó ká máńgòrò onímáńgòrò nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 11 kò tìtorí rẹ̀ di ewu fún ọmọdé, ẹni tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n kọ́ ni ó jalè. Kí a sọ fún ọ̀dọ́ náà tẹ́lẹ̀ pé a ó béèrè nípa rẹ̀, kí a sì sọ ọ̀dọ̀ ẹni tí a ó lọ. Kí ohun tí a bá gbọ́ má ṣe kọjá etí ènìyàn méjì. Bí ó bá jẹ́ pé "wọ́n ní" ni, kí a béèrè ẹni tí ó ní bẹ́ẹ̀ àti ohun tí ojú rẹ̀ rí. Kí a sì fún ọmọ náà láàyè láti wí tẹnu rẹ̀. Bí iyèméjì bá ṣì kù lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ mìíràn pọ̀: ìlù wà, ìwé orúkọ wà, àga wà tí a ó tò. Kò sí ẹni tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ fún láti bójú tó ọmọ ọlọ́mọ. Ọlá ni a fi ń dá a.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ẹlòmíràn nígbà tí a bá ń béèrè nípa rẹ̀. Yóò ní, "Ṣé olè ni mí?" Ṣùgbọ́n ìlànà kan náà tí ó ń ṣọ́ ọmọdé ni ó ń ṣọ́ òun pẹ̀lú. Kí ènìyàn méjì máa wà pọ̀ nígbà gbogbo. Kí ilẹ̀kùn má ṣe tì. Kí ọ̀dọ́ má ṣe dá ọmọ kan ṣoṣo mú lọ sí ilé rẹ̀. Kí ó má ṣe fún ọmọ ní ẹ̀bùn ìkọ̀kọ̀, kí ó má sì ṣe máa fi fóònù bá a sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ mọ̀. Ọ̀dọ́ tí ó bá pa èyí mọ́ yóò ní ẹlẹ́rìí nígbà tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ pa irọ́ mọ́ ọn.

Ó ku ọmọdé náà fúnra rẹ̀. Gbogbo ìwádìí wa lè kùnà. Bí ọmọ kan bá sọ fún ọ, ìwọ tí o jẹ́ ọ̀dọ́, pé ẹnì kan ṣe ohun kan sí òun, má ṣe pè é ní òpùrọ́, má sì ṣe ṣèlérí pé o kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Sọ fún àgbàlagbà tí kì í ṣe ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ ẹni tí ọmọ náà dárúkọ. Àwọn àgbà kan yóò fẹ́ kí a fi ẹ̀bẹ̀ parí rẹ̀ nínú ilé, kí orúkọ ìdílé má bàa bàjẹ́. Òfin kò gba ìyẹn: ẹ̀wọ̀n gbére ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 kọ sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá bá ọmọdé lò pọ̀, kò sì kà á sí àwíjàre pé ọmọ náà gbà. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ́ tí kò tí ì pé ọdún 18 ni ó hùwà náà, ilé-ẹjọ́ ìdílé wà fún irú ẹjọ́ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn wà ní ìjọba ìbílẹ̀ ní Ṣàgámù, àgọ́ ọlọ́pàá sì wà. Ọ̀dọ̀ wọn ni kí a gbé ọ̀rọ̀ náà lọ ní ọjọ́ tí ọmọ náà sọ ọ́, kí a sì mú ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn kí a tó wẹ̀ ẹ́ tàbí kí a tó fọ aṣọ rẹ̀.

Iṣẹ́ Ṣíṣe

Kí ni ìdí rẹ̀ tí ìwé ọlọ́pàá kò fi lè sọ púpọ̀ fún wa nípa ọmọ ọdún 16?

Kí ni òǹkọ̀wé rí lòdì sí ìbéèrè náà pé, "Ǹjẹ́ ọmọ dáadáa ni lágbájá?"

Kọ lẹ́tà sí alága ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìsinmi ní ìlú rẹ. Yọ̀ǹda ara rẹ fún iṣẹ́ náà, kí o sì dárúkọ ènìyàn méjì tí ó lè jẹ́rìí rẹ, kí o sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti ṣe mọ̀ ọ́.